Ọwọ́ Àgbà àti Àwòṣe Ogun: Ìtàn Òṣùwọ̀n Ńlá láti Ọ̀dọ̀ William Siborne dé Orí Tábìlì Àwọn Afẹ̀yìntì

Ìfáàrà

Nígbà tí Yorùbá bá sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tí ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè, ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi òwe náà ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n òwe yìí sọ òtítọ́ kan nípa ara ènìyàn pẹ̀lú: bí ọjọ́ orí ti ń gòkè ni nǹkan kéékèèké ń sá fún ọwọ́. Òtítọ́ yìí wà lára ohun tí ó fa ìyípadà kan nínú iṣẹ́ ìgbafẹ́ tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Jàpáànì àti ní Amẹ́ríkà, ìyẹn títo àwòṣe bàálù ogun, táǹkì àti ọmọ ogun pọ̀. Ohun tí wọ́n fi ṣeré ní kékeré ni wọ́n padà sí nígbà tí irun ti funfun, ṣùgbọ́n èyí tí ó tóbi ju ti ìgbà èwe wọn lọ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tò.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n yéni kí a tó lọ jìnnà. Bí wọ́n bá kọ 1/72 sí ara páálí àwòṣe kan, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìlọ́po 72 rẹ̀ ni ohun gidi tí wọ́n wò ṣe é. Ọmọ ogun tí ó ga tó mítà 1.75 yóò di sẹ̀ǹtímítà 2.4 ní òṣùwọ̀n 1/72, yóò di sẹ̀ǹtímítà 5 ní òṣùwọ̀n 1/35, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 11 ní òṣùwọ̀n 1/16. Èyí àkọ́kọ́ kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ púpọ̀. Ọ̀dà tóótòòtó ni ojú rẹ̀. Èyí ìkẹyìn ní ìpéǹpéjú, ó ní bọ́tìnnì, ó lè rẹ̀ ẹ́, ó lè bẹ̀rù. Bí òṣùwọ̀n ṣe ń tóbi ni ìbéèrè tí àwòṣe ń bi ẹni tí ó ń tò ó ń tóbi sí i. Ní ìkẹyìn, kì í ṣe irú irin tí wọ́n fi jà nìkan ni ìbéèrè náà, bí kò ṣe ta ni ó jà, àti ta ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú ìtàn.

Siborne àti Pápá Waterloo

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka iṣẹ́ yìí sí ohun ìṣeré ọmọdé. Ìtàn William Siborne tó láti fi hàn pé èrò náà kò tọ̀nà. Ọdún 1797 ni wọ́n bí i. Ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì gbọ́n nínú yíyàwòrán ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí lójú ogun Waterloo ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹfà ọdún 1815. Ní ọdún 1830 ni àwọn aláṣẹ ológun yàn án láti ṣe àwòṣe pápá ogun náà. Siborne kò jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù kí ó máa fọkàn rò ó. Ó lọ gbé ní oko La Haye Sainte, ní àárín gbùngbùn ibi tí wọ́n ti jà, fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, ó ń wọn ilẹ̀, ó ń wo òkè àti kòtò, ó ń wo ibi tí ọgbà àti ọ̀nà gbà.

Ìdààmú ibẹ̀ ni pé ilẹ̀ kò sọ ibi tí ènìyàn dúró sí. Siborne wá kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gágun tí wọ́n wà lójú ogun, ó béèrè lọ́wọ́ oníkálukú ibi tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wà ní nǹkan bí aago méje alẹ́, nígbà tí ogun náà kan góńgó. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èsì ni ó rí gbà. Nínú ìtàn ogun, ìwọ̀nba ni iṣẹ́ tí ó tó èyí tí ó kó ẹ̀rí ẹnu àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn jọ. Ọmọ rẹ̀ tẹ díẹ̀ nínú lẹ́tà náà jáde ní ọdún 1891, àwọn onímọ̀ ìtàn sì ń lò ó títí di òní. Kí ẹni tí ó bá ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ fi èyí sọ́kàn: nítorí pé ọkùnrin kan fẹ́ mọ ibi tí yóò gbé ọmọ ogun kéékèèké lé ni wọ́n fi ní ìwé ẹ̀rí wọ̀nyẹn.

Àwòṣe náà wá tóbi. Ó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 18 lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án ni ó dúró fún máìlì kan, àwọn ọmọ ogun irin tí ó wà lórí rẹ̀ sì ju 70,000 lọ. Ní ọdún 1833 ìjọba kọ̀ láti náwó sí i mọ́. Siborne ń yá owó, ó ń ná ti ara rẹ̀, títí iye rẹ̀ fi tó nǹkan bí £3,000, owó tí apá òṣìṣẹ́ ológun bíi tirẹ̀ kò lè ká. Ní ọdún 1838 ni wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní gbọ̀ngàn Egyptian Hall ní Lọ́ńdọ̀nù, èrò sì wọ́ lọ wò ó.

Ṣùgbọ́n ìjà ti dé kí ó tó di ìgbà náà. Bí ẹ̀rí tí Siborne kó jọ ti rí, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Prọ́ṣíà ti wà lójú ìjà ní apá Plancenoit ní wákàtí tí àwòṣe náà dúró fún. Ìtàn tí Duke ti Wellington fi ránṣẹ́ sílé lẹ́yìn ogun náà kò gbé wọn ga tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tò wọ́n sórí tábìlì bí Siborne ṣe fẹ́, ojú aráàlú tí ó bá wò ó yóò rí i pé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó ṣẹ́gun Napoleon. Àwọn tí ó sún mọ́ Wellington kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Siborne kọ̀ fún ọdún díẹ̀, ó jiyàn, ó tún kọ lẹ́tà. Nígbà tí ó ṣe, ó yọ nǹkan bí 40,000 ọmọ ogun Prọ́ṣíà kúrò lórí àwòṣe rẹ̀. Gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, agbára sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń bá jà. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá a lẹ́bi lè dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n kí ó rántí pé òṣìṣẹ́ kékeré ni, olórí ìjọba tẹ́lẹ̀ rí sì ni ẹni kejì.

Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn ìgbà náà ni ó kan ọ̀rọ̀ yìí jù. Siborne kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní ọdún 1844, nígbà tí ó ti ń súnmọ́ 50 ọdún, ó gbé àwòṣe kejì jáde, apá kan péré nínú ogun náà ni ó sì fi hàn, ìyẹn ìgbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Gẹ̀ẹ́sì ya lu àwọn Faransé ní ọ̀sán. Òṣùwọ̀n ilẹ̀ ti èyí tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta: láti nǹkan bí 1/587, ó bọ́ sí 1/180. Ó fi pápá gbígbòòrò sílẹ̀, ó yan ibi kékeré kan, ó sì sún mọ́ ọn. Ọdún náà ni ó tẹ ìwé ìtàn ogun náà jáde pẹ̀lú. Ó kú ní ọdún 1849, ní ẹni 51 ọdún. Àwòṣe àkọ́kọ́ wà ní ilé àkójọpọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọmọ ogun ní Chelsea, èkejì sì jẹ́ ti Royal Armouries ní Leeds.

Láti Ara Òòyà dé Ara Bàálù

Fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Siborne, iṣẹ́ olówó àti ti ọlọ́wọ́ ọnà ni irú àwòṣe báyìí. Ike ni ó sọ ọ́ di ti gbogbo ènìyàn. Nicholas Kove, ọmọ ilẹ̀ Họ́ngárì tí ó wá ṣe àtìpó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ilé iṣẹ́ Airfix sílẹ̀ ní ọdún 1939. Ohun ìṣeré rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí ni ó kọ́kọ́ ń ṣe, lẹ́yìn ogun Hítílà ó bọ́ sórí òòyà. Ẹ̀rọ tí ó ń da ike yíyọ́ sínú àdàmọ̀ láti fi ṣe òòyà náà ni ó padà fi ṣe katakata kékeré fún ilé iṣẹ́ Ferguson ní ọdún 1949. Ní ọdún 1952 ọkọ̀ ojú omi Golden Hind jáde, wọ́n ń tà á ní ṣílè méjì ní ìsọ̀ Woolworths. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni bàálù Spitfire ti òṣùwọ̀n 1/72 jáde. Ọmọdé tí ó bá fi owó àpò rẹ̀ pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè rà á, kí ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní Jàpáànì, ilé iṣẹ́ ìlagi ni Yoshio Tamiya dá sílẹ̀ ní ìlú Shizuoka ní ọdún 1946. Àwòṣe onígi ni wọ́n ń ṣe kí ike tó gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní ọdún 1961 wọ́n gbé táǹkì Panther jáde, èyí tí ó ní mọ́tò tí ó ń wà á. Wọ́n nílò àyè fún bátìrì àti gíà nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe wá wọn táǹkì tí bátìrì gbà náà, ìdá kan nínú 35 ti gidi ni ó bọ́ sí. Báyìí ni 1/35 ṣe di òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò fún táǹkì: bátìrì ni ó yàn án, kì í ṣe onímọ̀ kankan. Shunsaku Tamiya, ọmọ Yoshio, tí ó kú ní oṣù keje ọdún 2025 ní ẹni 90 ọdún, rìnrìn àjò lọ sí Aberdeen ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà nítorí àtiwọn táǹkì gidi kí ó sì yà wọ́n ní fọ́tò. Ọ̀nà Siborne náà ni: ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe kékeré rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ bá ńlá rẹ̀ níbi tí ó wà.

Ọdún 1970 ni Airfix gbé Spitfire òṣùwọ̀n 1/24 jáde. Ìyẹ́ apá Spitfire gidi, láti òpin kan dé èkejì, jẹ́ mítà 11.23. Ní òṣùwọ̀n 1/72, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15.6 ni, ní 1/24, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 47. Ẹ́ńjìnnì Merlin wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú sílíńdà rẹ̀ méjìlá, ìjókòó awakọ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìbọn inú ìyẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ọmọ ọdún mẹ́jọ lè parí kí ó tó lọ sùn.

Ọjà náà kò dúró lójú kan. Airfix wó ní ọdún 1981, ó tún wó ní ọdún 2006 kí ilé iṣẹ́ Hornby tó rà á, àwọn ọmọdé ti rí ẹ̀rọ ìṣeré orí amóhùnmáwòrán tí ó yá ju gọ́ọ̀mù lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n ra èyí onísílè méjì ni kò jẹ́ kí ó parẹ́. Wọ́n ti dàgbà, wọ́n ti ń fẹ̀yìntì, owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, ilé sì ti dákẹ́. Láti ọdún 2009 tí Mosquito 1/24 jáde, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ ju 600 lọ, Airfix tún ti gbé Typhoon jáde ní òṣùwọ̀n kan náà, àti Hellcat, àti Spitfire mìíràn ní ọdún 2022.

Ojú Àgbà, Ọwọ́ Àgbà

Láti nǹkan bí ogójì ọdún sókè ni awò tí ó wà nínú ẹyinjú ènìyàn ti máa ń le, tí kò lè fà kí ó sì sún mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó ń ka ìwé tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í na ìwé síwájú. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ń wọ inú ojú ń dínkù pẹ̀lú, ọwọ́ ẹlòmíràn sì ń gbọ̀n tàbí kí oríkèé rẹ̀ máa ro ó. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kẹ̀kẹ́ bàálù 1/72 tí kò ju hóró àgbàdo lọ jẹ́ ìyà. Bí ó bá já bọ́ sílẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ 1/24 ṣeé dì mú. Nítorí náà, iná tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa, awò amú-nǹkan-tóbi tí a ń dè mọ́ orí, àti òṣùwọ̀n ńlá ni ohun èlò mẹ́ta tí ó dá iṣẹ́ yìí padà fún ọ̀pọ̀ àgbà. Fèrèsé ṣíṣí ni ìkẹrin, nítorí òórùn gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni.

Ìgbádùn ibẹ̀ kò sí nínú kíá. Ẹni tí ó bá ń tò táǹkì Tiger ní òṣùwọ̀n 1/16, tí ó gùn ju àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà lọ bí àgbá rẹ̀ bá nà síwájú, mọ̀ pé oṣù mélòó kan ni òun bọ́ sí yìí. Yóò kọ́kọ́ ka ìwé ìlànà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Yóò fi ọ̀bẹ gé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan kúrò lára férémù ike, yóò fi sáńpépà rọra ra á, yóò tò ó wò láìfi gọ́ọ̀mù sí i. Lẹ́yìn náà ni gọ́ọ̀mù, èyí tí kì í lẹ̀ bíi ti páálí: ńṣe ni ó ń yọ́ ojú ike méjèèjì títí wọn yóò fi di ọ̀kan. Ọ̀dà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ọ̀dà ni ìdọ̀tí, nítorí táǹkì ogun kì í mọ́. Níbi ìdọ̀tí yìí ni àgbà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí. Irú ẹrẹ̀ wo? Iyanrìn Túníṣíà ni tàbí yìnyín Rọ́ṣíà? Tiger tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn táǹkì ní Bovington, tí wọ́n ń pè ní Tiger 131, Túníṣíà ni wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ àwọn Jámánì ní oṣù kẹrin ọdún 1943, ó sì ń rìn títí di àkókò yìí. Ọ̀pọ̀ afẹ̀yìntì ń rìnrìn àjò lọ wò ó kí wọ́n tó ṣí ọ̀dà.

Ẹgbẹ́ tún wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn atòwòṣe oníke, IPMS, bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1963, ó sì ní ẹ̀ka káàkiri ayé. Oṣù kọkànlá ọdọọdún ni ìpàtẹ ńlá rẹ̀ máa ń wáyé ní ìlú Telford. Fún ọkùnrin tí ó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò bi í ní ohunkóhun mọ́, kì í ṣe ohun kékeré kí àlejò dúró níwájú tábìlì rẹ̀ kí ó sì béèrè bí ó ṣe ṣe é.

Ohun tí Páálí Kò Sọ

Síbẹ̀, ogun ni wọ́n ń tò. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jà ní ọdún 1940 lè máa tò Spitfire láti fi bá bàbá tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ ogun nígbà ayé rẹ̀ sọ̀rọ̀, èyí yéni. Ṣùgbọ́n Tiger ńkọ́? Ìjọba Násì ni ó ṣe é. Òfin ilẹ̀ Jámánì ka àmì Násì sí èèwọ̀ ní gbangba, nítorí náà ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í fi àmì náà sínú páálí bàálù Jámánì, tàbí kí wọ́n pín in sí méjì kí oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ so ó pọ̀ bí ó bá fẹ́. Àwọn kan ń bínú pé èyí ń ba òtítọ́ ìtàn jẹ́. Ìbínú wọn ní ìdí, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn nǹkan mìíràn tí kò sí nínú páálí: òkú kò sí níbẹ̀, ọmọdé tí ilé wó lù kò sí níbẹ̀. Irin tí ó rẹwà ni páálí ń tà. Roy Cross, ẹni tí ó ya ọ̀pọ̀ àwòrán ara páálí Airfix láti ọdún 1964 sí 1974, mọ bí a ti í mú kí bàálù fò jáde láti inú iná. Nígbà tí ó yá, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún yíyàwòrán àwọn ọkọ̀ ojú omi alásọ ìgbòkun, ó sì ń gbádùn ẹ̀yìn ayé rẹ̀ lọ títí ó fi pé ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó kú ní ọdún 2024.

Ogun kò sì tíì di ohun àtijọ́. Kyiv ni ilé iṣẹ́ ICM àti MiniArt wà. Simferopol ní Kirimíà ni MiniArt wà tẹ́lẹ̀ kí Rọ́ṣíà tó gba ibẹ̀ ní ọdún 2014, tí wọ́n fi kó kúrò. Láti ọdún 2022 ni àwọn méjèèjì ti ń ṣe àwòṣe ogun nínú ìlú tí ohun ìjà gidi ń bọ́ lù.

Àwọn tí Ẹsẹ̀ Gbé dé Kaladan

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ilẹ̀ Yorùbá rèé. Nínú ogun Hítílà, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, àwọn Yorùbá láàárín wọn, jà ní Bọ́mà lábẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin àti ìkejìlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí ẹgbẹ́ kọkànlélọ́gọ́rin wọ àfonífojì odò Kaladan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944, ọ̀nà ọkọ̀ kò sí. Bàálù ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gun òkè. Ìdí nìyí tí páálí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ wọ́n: àwọn tí ń ṣe àwòṣe fẹ́ràn irin, àwọn wọ̀nyí kò sì ní táǹkì. Bí Siborne ṣe yọ àwọn Prọ́ṣíà kúrò nítorí ìtìjú alágbára, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tilẹ̀ fi àwọn wọ̀nyí sí i rárá, nítorí pé kò sí ohun tí yóò tà lára wọn.

Òṣùwọ̀n ńlá ni ó lè tún èyí ṣe, nítorí níbẹ̀ ni ènìyàn nìkan, láìsí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti tó iṣẹ́ odindi. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ile nítòsí Ọ̀wọ̀, wọṣẹ́ ológun ní ọdún 1942, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 16. Ẹ̀ka tí ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ni ó wà. Ní oṣù kẹta ọdún 1944 àwọn Jàpáànì kọlù wọ́n lójijì létí odò Kaladan; ọta ìbọn fọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun àti ọmọ Sàró kan, David Kargbo, ni wọ́n fi ara pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìlà ọ̀tá, àwọn ará abúlé Mùsùlùmí sì ń fi ẹ̀mí ara wọn wewu láti bọ́ wọn, títí àwọn ọmọ ogun Gurkha fi dé ní oṣù kejìlá. Ó kọ ìtàn náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọdún 1999 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní Amẹ́ríkà. Ó kú ní ọdún 2012.

Àgbà tí ó bá fẹ́ gbẹ́ Fadoyebo ní òṣùwọ̀n 1/16 kò ní rí páálí kan rà fún un. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé ọkùnrin náà àti fọ́tò àtijọ́ díẹ̀. Yóò wá irú aṣọ àti fìlà tí wọ́n wọ̀, àti bí ẹrù ṣe ń jókòó lórí ọkùnrin tí ó ń gun òkè nínú òjò. Yóò tún pinnu èwo ni òun fẹ́ fi hàn: ọmọdékùnrin tí ó ń ru ẹrù bọ̀, tàbí èyí tí ó dùbúlẹ̀ nínú igbó, tí ó ń dúró de abọ́ ìrẹsì láti ọwọ́ ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ kejì yìí, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ibi tí ó le jù láti gbẹ́, nítorí kò gbọdọ̀ tọ́. Fadoyebo ń tiro títí ó fi kú.